Bí a ṣe ń wọ fámásì ní yunifásítì: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá àti òkè Ọya

Tí ọmọ bá sọ pé fámásì ni òun fẹ́ kà, ohun tí òbí sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Mélòó lo máa gbà nínú JAMB?" Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kò yẹ kó ṣáájú fún àwa tí a ń gbé ní Kubwa, Nyanya, Mararaba, Kàdúná tàbí Sabon Gari ní Kano. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni: ìpínlẹ̀ wo ni ọmọ yìí ti wá, yunifásítì wo ló sì ka ìpínlẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Apoògùn ni mí. Lọ́dọọdún làwọn aládùúgbò máa ń gbé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọmọ wọn wá bá mi, mo sì ti rí ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tí kò wọlé, tí ọ̀rẹ́ náà sì wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn ló fa ìyàtọ̀, kì í ṣe ọpọlọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀

Oríṣi dìgírì fámásì méjì ló wà ní Nàìjíríà báyìí. B.Pharm, tó jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá, ọdún 5 ni. Pharm.D, tí àwọn yunifásítì ń yí sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún 6 ni, torí wọ́n fi ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kún un gan-an. Pharm.D kì í ṣe PhD o. Dìgírì àkọ́kọ́ ni, bíi ti B.Pharm, èyíkéyìí nínú méjèèjì ló sì lè sọ èèyàn di apoògùn tó ní láísẹ́ǹsì. Ẹ má torí ọdún kan ṣoṣo yan ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ọmọ yín mu.

Àwọn orúkọ kan wà tó jọ fámásì tí kì í ṣe fámásì. Pharmacology jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nípa bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára. Ẹni tó kà á kò lè torí ẹ̀ gba láísẹ́ǹsì apoògùn, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ ga tó. Bákan náà ni ẹ̀kọ́ pharmacy technician tí wọ́n ń kọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń jẹun, àmọ́ olùrànlọ́wọ́ apoògùn ló ń sọ èèyàn dà. Lórí fọ́ọ̀mù JAMB, orúkọ tí ẹ ń wá ni Pharmacy, Pharm.D tàbí Doctor of Pharmacy. Tí òṣìṣẹ́ káàfẹ́ bá sọ pé "ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," ẹ ní kó dúró ná.

Èsì ìdánwò gírámà

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, Kẹ́mísìrì, Báyọ́lọ́jì àti Físíìsì. Kò sí àyípadà níbẹ̀. Ọmọ tó gba A nínú Àgìríkì ṣùgbọ́n tó gba D nínú Físíìsì kò tíì ní ohun tí wọ́n ń bèèrè. WAEC, NECO, èyí tó bá wà ló dáa. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ ti yàtọ̀ síra ni ọ̀rọ̀ ìjókòó: àwọn kan gbà kí èèyàn so èsì ìjókòó méjì pọ̀, àwọn kan kò gbà á fún fámásì. Ibi tí ẹ ti máa rí ti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ojú òpó IBASS ti JAMB fúnra wọn, tó jẹ́ ibi tí ìwé ìtọ́sọ́nà wọn wà báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ẹ̀kọ́ náà, ẹ tẹ orúkọ yunifásítì, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ á jáde.

Nínú JAMB fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni wọ́n fẹ́ fún fámásì. Ẹ rí i pé Máàtì kò sí níbẹ̀. Ibí yìí gan-an ló ti ń tú ọ̀pọ̀ lójú: ọmọ tó mọ Máàtì dáadáa á yọ Báyọ́lọ́jì, á fi Máàtì rọ́pò, á gba máàkì rẹpẹtẹ, yunifásítì á sì wò ó pé kò pé. Kírẹ́díìtì Máàtì wà nínú èsì gírámà, kò sí nínú iṣẹ́ mẹ́rin JAMB. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá ṣì ń ronú bóyá ẹ̀kọ́ yìí bá ọmọ náà mu, ẹ wo ọwọ́ tó fi mú Kẹ́mísìrì. Ìdí ni pé láti ìgbà tí wọ́n bá ti kúrò ní ọdún kìíní, Kẹ́mísìrì ni wọ́n fi ń mumi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn, bí ara ṣe ń tú u palẹ̀, ìdí tí oògùn kan fi ń ba òmíràn jà, Kẹ́mísìrì ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó kórìíra rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òbí fẹ́ kó jẹ́ apoògùn torí pé iṣẹ́ náà "ń rówó", ìyà ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́.

Yíyan ilé ẹ̀kọ́: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Nínú yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pín àyè. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti máàkì nìkan, láìwo ibi tí ọmọ ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí yunifásítì náà kà sí agbègbè rẹ̀. Ìdá 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè tó, tí gbogbo ayé ń pè ní ELDS.

Ó wá di ti wa. Ìjọba kì í wo ibi tí ọmọ ń gbé, ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí wọ́n bí ní Gwagwalada, tó lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Gwagwalada, tó ń sọ Haúsá bí ẹni mu omi, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ògùn ni níwájú JAMB. Tó bá yan ABU Zaria, nínú ìdá 45 ti máàkì nìkan ló ti máa bá gbogbo Nàìjíríà jà. Kò sí nínú agbègbè Zaria, Ògùn ò sì sí nínú ELDS. Tó bá jẹ́ Ifẹ̀ ló yàn, Ògùn wà nínú agbègbè Ifẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, nítorí náà ilẹ̀kùn méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ifẹ̀ náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fúnni ní dìgírì fámásì ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ má rò pé "ilé" túmọ̀ sí ìsàlẹ̀. Àmọ́ o, èrò tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀ bí eṣú, máàkì tí wọ́n ń gbà kì í rẹlẹ̀.

Ti ọmọ Kwara àti ọmọ Kogi yàtọ̀ pátápátá. Òkè Ọya ni wọ́n, bí a bá fi ojú ìjọba wò ó, ìpínlẹ̀ méjèèjì sì wà nínú ELDS. Ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ Kàbà tàbí Ìsánlú, gbogbo wọn lè gba ọ̀nà ìdá 20 yìí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, kódà ní ibi tó jìnnà sílé. Fún ọmọ Kwara, Yunifásítì Ìlọrin tún ni ilé. Tó bá jẹ́ ará Kwara tàbí Okun ní Kogi ni yín, tí ẹ kò sì tíì ronú kan èyí rí, ẹ jókòó kí ẹ ronú kàn án lónìí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí. "Ṣé kí n kúkú kọ Kwara sí i? Ìyá-ìyá mi wá láti Ọ̀ffà." Ẹ má dán an wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò ní yunifásítì, lẹ́tà ìdánimọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá ọmọ ni wọ́n máa bèèrè, ẹni tí kò bá rí i mú wá á pàdánù àyè tó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ tètè gba lẹ́tà yẹn pàápàá. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ yà ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ìsinmi tó wọlé, torí tí wọ́n bá ti tìlẹ̀kùn, ó di lẹ́yìn ọdún.

Ní òkè Ọya, àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí mo lè dárúkọ tí wọ́n ń kọ́ fámásì ni Ahmadu Bello ní Zaria, Yunifásítì Jos, Yunifásítì Maiduguri, Usmanu Danfodiyo ní Sokoto, Bayero ní Kano, àti Yunifásítì Ìlọrin. Nínú ti ìpínlẹ̀, Kaduna State University wà níbẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ máa ń ro ti ọmọ onílé ṣáájú, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò sì sábà máa ń ju ti onílé lọ, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rán ọmọ Yorùbá. Yunifásítì aládàáni kò ní wàhálà ìpínlẹ̀ abínibí, owó ni wàhálà tiwọn.

Kí ẹ tó fi owó sílẹ̀ níbikíbi, pàápàá ní ti aládàáni, ẹ wo bóyá PCN fọwọ́ sí i. PCN ni Pharmacy Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ tí òfin 2022 gbé iṣẹ́ àkóso fámásì lé lọ́wọ́, Ìdú níbí ní Àbújá ni olú iṣẹ́ wọn wà. Àjọ NUC ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, PCN ló ń fọwọ́ sí i pé ẹni tó kà á lè di apoògùn. Ìfọwọ́sí méjèèjì ni ẹ nílò. PCN tún máa ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún, èyí sì ni ìdí tí àyè fámásì fi há tó bẹ́ẹ̀: kì í ṣe pé yunifásítì ń ṣahun, wọ́n ti fi ààlà sí i fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá kọjá ààlà yẹn, orí àwọn ọmọ ni wàhálà rẹ̀ máa ń já lé níkẹyìn. Orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí wà lójú òpó PCN. Ẹni tó bá ń gbé Àbújá tiẹ̀ lè dé Ìdú lọ bèèrè lójúkojú.

Ohun kan tó kù nípa yíyan. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń kọ Medicine sí ipò kìíní, tí wọ́n á wá kọ Pharmacy sí ipò kejì bí àpò ìpamọ́. Kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó fi fámásì ṣe ipò kìíní ti pọ̀ ju àyè tó wà lọ, ta ni yóò wá kan ẹni tó fi í ṣe ìkejì? Tí ọkàn ọmọ bá wà ní fámásì, ipò kìíní ni kó wà. Tó bá jẹ́ pé Medicine ló fẹ́ tí máàkì rẹ̀ kò sì tó, iṣẹ́ mẹ́rin náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ó lè san owó àyípadà lójú òpó JAMB lẹ́yìn tí èsì bá jáde, kó gbé fámásì wá sí ipò kìíní kí post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, tó bẹ̀rẹ̀.

NIN àti orúkọ

JAMB kì í kọ orúkọ fún ọmọ mọ́, láti inú NIN ni wọ́n ti ń fà á jáde. Orúkọ tó bá wà lórí NIN, bí wọ́n bá ṣì í kọ, bẹ́ẹ̀ ló máa dé JAMB, tó máa dé yunifásítì. Wàhálà tiwa ní òkè Ọya ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ orúkọ àwọn ọmọ wa sílẹ̀ fún NIN kò gbọ́ Yorùbá. Abdulrahmon á di Abdulrahman, Sulaimon á di Sulaiman, Kudirat á di Qudrat. Olúwaṣeun á di Seun, orúkọ ìdílé á sì wá sí ipò orúkọ àkọ́kọ́. WAEC ti kọ ọ̀nà kan, NIN kọ ọ̀nà míì, ìwé ìbí láti ọwọ́ àjọ ètò ìkànìyàn kọ ẹ̀kẹta.

Ẹ kó gbogbo ìwé ọmọ jáde lórí tábìlì kan, kí ẹ wò wọ́n létí ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà, títí kan ọjọ́ ìbí. Tí NIN bá yàtọ̀ sí ti WAEC, ọ́fíìsì NIMC, àwọn tó ń ṣe NIN, ni ẹ máa lọ, kí JAMB tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹni gbogbo ló ń lọ nígbà náà. Ọmọ tí kò ní tíì pé ọdún 16 nígbà tó máa wọ yunifásítì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ọjọ́ orí tí JAMB ń wò nìyẹn.

Fífi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB

JAMB sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní 2025, oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí oṣù kẹrin.

Ọmọ á kọ "NIN", á fi àyè sílẹ̀, á kọ nọ́ńbà NIN rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kóòdù kan á padà wá. Nọ́ńbà fóònù tó fi ránṣẹ́ yẹn ló máa so mọ́ ọn títí tó fi máa wọlé, nítorí náà kó jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ kó lọ sí Èkó. Nọ́ńbà kan ò lè jẹ́ ti ọmọ méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ra PIN, kí wọ́n tó lọ sí ibùdó CBT (ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí. Kò sí ìforúkọsílẹ̀ nílé, torí wọ́n máa gba àmì ìka. Àwọn ibùdó náà wà káàkiri Àbújá, orúkọ wọn sì wà lójú òpó JAMB.

Ní ibùdó yẹn, ẹ má jókòó síta máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ ni kó jókòó ti òṣìṣẹ́ náà. Kó ní ímeèlì tirẹ̀ tó ti ṣí ṣáájú, tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń fi ímeèlì tiwọn sí i kí iṣẹ́ lè yá, ọmọ ò sì ní rí ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Kí wọ́n tó tẹ èyí tó kẹ́yìn, kó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà: ìpínlẹ̀ abínibí, ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ mẹ́rin, ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹ̀kọ́, ìlú tó ti fẹ́ ṣe ìdánwò. Tí èsì WAEC kò bá tíì jáde, àyè wà láti fi hàn pé ó ń retí rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tó bá jáde ni kó padà lọ gbé e sórí JAMB. Àìgbé èsì sórí JAMB ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ kó wọlé jókòó sílé.

Ìdánwò ìgbìdánwò (mock) tí JAMB ń ṣe ṣáájú, tí ẹ bá lè san owó rẹ̀, ẹ san án. Ọmọ tí kò bá tíì fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò rí gbọ́dọ̀ ti mọ bó ṣe rí kó tó di ọjọ́ gidi.

Ìdánwò àti post-UTME

Ìbéèrè 180 ló wà nínú JAMB: 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Àròpọ̀ máàkì jẹ́ 400. Ẹ má jẹ́ kí máàkì tí JAMB ń kéde fún yunifásítì tàn yín. Ní 2025, 150 ni wọ́n sọ pé ó kéré jù. Kò sí ọmọ tó ń fi 150 wọ fámásì ní yunifásítì ìjọba. Tí ọmọ yín bá ń wá fámásì láìsí ELDS tàbí agbègbè lẹ́yìn rẹ̀, 250 sókè ni kó máa lé. Àbá tèmi nìyẹn o, kì í ṣe òfin.

Post-UTME ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀nà wọn ò sì dọ́gba: àwọn kan ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, àwọn kan ń wo ìwé nìkan. Ọ̀pọ̀ máa ń da máàkì JAMB, máàkì tiwọn àti èsì gírámà pọ̀ di àròpọ̀ kan. Lójú òpó yunifásítì tí ọmọ yàn ni ẹ ti máa rí i, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i kì í sì í pẹ́ tó ń tì. Kí ẹnì kan nínú ilé máa wo ojú òpó yẹn léraléra láti ìgbà tí èsì JAMB bá ti jáde.

Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ wá fúnra rẹ̀, ẹ ronú ọ̀nà ṣáájú. Sí Zaria, ọkọ̀ ojú irin wà láti Ìdú àti Kubwa dé Rigasa ní Kàdúná, ẹ sì wọ mọ́tò láti ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì á ti tán bí ẹ bá dúró di ọjọ́ ìrìn àjò. Sí Ìlọrin, mọ́tò lè gba Lokoja àti Kàbà, tàbí kó gba Bida, Mokwa àti Jẹ́bà. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn, kí ọmọ sì sùn sí ìlú náà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ tó ti ń rìn láti òru kò lè fi ojú tó ń yún un ka ìbéèrè Kẹ́mísìrì.

CAPS

Ojú òpó CAPS ti JAMB ni gbogbo ìgbàwọlé ti ń ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, JAMB ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé òun mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì tó lè "bá yín tì í", ẹ bi í pé ṣé ó máa hàn lórí CAPS. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Owó tí àwọn èèyàn ń dà sọ́wọ́ irú àwọn wọ̀nyí lágbègbè wa pọ̀ ju ohun tí mo lè máa rò lọ.

Tí CAPS bá fi hàn pé wọ́n ti gba ọmọ, kó tẹ ibi tó sọ pé ó gbà. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, àyè náà lè lọ. Nígbà míì, ilé ẹ̀kọ́ máa ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò béèrè fún: Biochemistry, Microbiology, Botany. Ibí yìí ni ilé máa ń dàrú. Ìyá á ní kó gbà á, pé "tó bá dé ibẹ̀, á yí padà sí fámásì." Ẹ fetí sí mi: ààlà tí PCN ṣe mú kí yíyí padà láti inú yunifásítì nira púpọ̀. Àwọn kan rí i ṣe, àmọ́ wọn ò pọ̀. Tí ọmọ bá nífẹ̀ẹ́ Microbiology fúnra rẹ̀, kó gbà á tọkàntọkàn. Tó bá jẹ́ pé fámásì nìkan ló fẹ́, tó sì ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kó kọ̀ ọ́, kó tún JAMB ṣe tàbí kó gba ọ̀nà tó tẹ̀ lé èyí. Kó má jẹ́ pé ó lo ọdún mẹ́rin lórí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò sí.

Ọ̀nà Direct Entry

IJMB, ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì tí ABU Zaria ń bójú tó, gbajúmọ̀ ní òkè Ọya ju JUPEB, tó jẹ́ irú rẹ̀, lọ. Ọdún kan ni, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe: fún fámásì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ẹni tó bá yege dáadáa lè fi Direct Entry wọ ọdún kejì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á. Ẹ ṣì tún máa san owó JAMB, ẹ ṣì tún máa gba CAPS, kírẹ́díìtì márùn-ún náà ò sì kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó san owó IJMB, ẹ tún padà sí IBASS kí ẹ wo bóyá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lé gba IJMB fún fámásì, àti iye pọ́íǹtì tí wọ́n fẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń polówó IJMB lórí ògiri Nyanya àti Mararaba kì í sọ èyí fún èèyàn. Ẹni tó ti ní dìgírì nínú sáyẹ́ǹsì náà lè gba Direct Entry, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ irú wọn pàdé, àwọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n tún padà sílé ẹ̀kọ́.

Owó

Owó JAMB, post-UTME, owó ìgbàwọlé, owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, kóòtù funfun, ìwé. Yunifásítì ìjọba ṣì rọrùn ju ti aládàáni lọ fíìfíì. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin oṣù kẹrin ọdún 2024 gbé dìde, ń san owó ilé ẹ̀kọ́ sí àpò yunifásítì fúnra rẹ̀, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún ìjẹun. Yíyá ni o, wọ́n á san án padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ríṣẹ́, kò sì sí fún yunifásítì aládàáni. Ojú òpó wọn ni ọmọ á ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì; ìpínlẹ̀ abínibí kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Kí ẹ ro owó fún ọdún gbogbo, títí dé ọdún ìkọ́ṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e: lẹ́yìn dìgírì, wọ́n á ṣe ìbúra, wọ́n á kọ́ṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ apoògùn, wọ́n á ṣe ìdánwò PCN, wọ́n á sì ṣe àgùnbánirọ̀, kí wọ́n tó lè dá dúró.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á

Ìwé ìgbàwọlé JAMB, èsì WAEC tàbí NECO ojúlówó, ìwé ìbí, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́tà ẹni tó mọ ọmọ náà dáadáa, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, èsì àyẹ̀wò ara. Ẹ da ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílé, torí iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀rọ ìdàkọ ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì lọ́sẹ̀ yẹn ò ṣeé sọ. Ojúlówó kò gbọdọ̀ wọ inú àpò tí wọ́n máa gbé sórí ọkọ̀. Ọwọ́ ọmọ ni kó wà.

Ọdún kìíní, wọ́n máa dà á pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì yòókù, ó sì máa jọ pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fámásì, 50 ni máàkì ìyege, kì í ṣe 40 bíi ti ibòmíràn, ẹni tí kò bá sì tó ohun tí wọ́n fẹ́ ní òpin ọdún yẹn, wọ́n á ní kó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn. Kí ọmọ bèèrè lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé mélòó ni wọ́n ń fẹ́ kí èèyàn tó kọjá sí ọdún kejì. Kó tún bèèrè ìgbà tí wọ́n máa fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí PCN fún àkọsílẹ̀, torí orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ àti láísẹ́ǹsì rẹ̀ á di àríyànjiyàn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Tí wọ́n bá lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri, kó lọ ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀.